Iná Odi Ń Kú Lọ: Ẹ Sọ Fún Wa

Láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù yìí ni ìwé kan ti ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ ní SS2. The Passage ni orúkọ rẹ̀, Justin Cronin, ọmọ Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́, ó sì jáde ní 2010. Ojú ewé rẹ̀ lé ní 700. Torí pé ọ̀rọ̀ fáńpáyà, ẹ̀dá tó ń mu ẹ̀jẹ̀ èèyàn, ló wà nínú rẹ̀, àwọn kan ti ń pè é ní ìwé èṣù. Èmi ò gbà. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nínú ìwé yẹn ni àwọn tó mọ̀ pé ewu ń bọ̀, tí wọ́n dákẹ́.

Fún ẹni tí kò tíì kà á: wọ́n rí kòkòrò àrùn kan nínú igbó Bolivia, àwọn ológun Amẹ́ríkà sì fẹ́ lò ó láti fi sọ ọmọ ogun di alágbára. Wọ́n dán an wò lára ọ̀daràn 12 tí wọ́n ti dájọ́ ikú fún, àti lára Amy, ọmọbìnrin ọdún mẹ́fà. Àwọn 12 yìí di amùjẹ̀, wọ́n já, ayé bá dàrú. Nígbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100 ọdún lẹ́yìn náà, àwọn èèyàn díẹ̀ tó ṣẹ́kù wà lórí òkè kan ní California, wọ́n mọ odi yí ara wọn ká. Iná ló ń gbà wọ́n. Wọ́n ń tan iná ńláńlá lórí odi láti ìrọ̀lẹ́ di ìdájí, nítorí àwọn fáńpáyà kì í fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń mú iná yẹn wá, bátìrì ló ń tọ́jú rẹ̀ di alẹ́.

Àmọ́ àwọn bátìrì náà ti gbó. Ẹni tó bá ní inverter nílé mọ ohun tí mò ń wí: tẹ́lẹ̀ ó ń gbé fáànù títí ilẹ̀ fi mọ́, nígbà tó yá, aago mẹ́wàá ló ti ń han gooro. Michael, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bójú tó iná, ti rí i pé òru kan ń bọ̀ tí iná ò ní tàn mọ́jú. Ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ló mọ̀. Àwọn tó kù ń dáko, wọ́n ń bímọ, wọ́n ń sùn. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Nǹkan kejì tún wà. Ní ìlú yẹn, ọmọdé ò gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà lẹ́yìn odi títí yóò fi pé ọdún mẹ́jọ. Ilé kan ni wọ́n ń kó wọn sí. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá pé mẹ́jọ, olùkọ́ á jókòó tì í, á sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ọmọ á sunkún. Lẹ́yìn náà, á jáde síta.

Mo mọ ohun tí àwọn àgbà máa wí: àánú ni. Ọdún mẹ́jọ láìsí ìbẹ̀rù, ṣé ìyẹn ò dáa ni? Ó dáa. Mo ní àbúrò ọmọ ọdún márùn-ún, èmi náà ò ní sọ gbogbo nǹkan fún un. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Wọ́n dá ọjọ́ tí wọ́n máa sọ fún ọmọ, wọ́n sì ń sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ bátìrì ò ní ọjọ́ kankan. Àwọn tó ń fi òru ṣọ́ odi gan-an, wọn ò sọ fún wọn. Ìyẹn kì í ṣe àánú mọ́.

Nígbà tí Peter, Alicia, Michael àti àwọn ẹgbẹ́ wọn mú Amy dání, tí wọ́n forí lé Colorado láti wá àbáyọ, wọ́n dé ibì kan ní aṣálẹ̀ Nevada tí wọ́n ń pè ní Haven. Oúnjẹ wà, ibùsùn wà, kò sì jọ pé ẹ̀rù fáńpáyà ń ba ẹnikẹ́ni. Àṣé ńṣe ni wọ́n ń fi èèyàn bọ Babcock, ọ̀kan nínú àwọn 12 yẹn, kó má bàa pa àwọn tó kù! Ní tèmi, ibẹ̀ ni àṣírí ń gbé ìlú lọ. Ẹni tó bá ti mọ́ ọn lára láti fi ewu pamọ́ fún wa, lọ́jọ́ kan á fi ẹni tí wọ́n fẹ́ fi rúbọ pamọ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká bọ̀ wálé. Kò sí fáńpáyà ládùúgbò wa, àmọ́ bátìrì tó ń kú lọ pọ̀. Bàbá kan nítòsí wa kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó tó oṣù mẹ́ta kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó mọ̀. Àràárọ̀ ló ń wọ aṣọ jáde. Àwọn ọmọ ń béèrè bàtà tuntun. Ọjọ́ tí wọ́n lé wọn wálé nítorí owó ilé ìwé ni wọ́n gbọ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà sọ fún mi pé, "Ká ní mo mọ̀ ni, mi ò bá ti máa dirun fún èèyàn." Ó mọ irun dì gan-an.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní bí wọ́n bá sọ gbogbo ẹ̀ fún wa, ojora ló máa mú wa. Ṣé ti àwọn ọ̀dọ́ inú ìwé yẹn rí bẹ́ẹ̀? Ìgbà tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n di ẹrù, tí wọ́n jáde lọ wá ọ̀nà. Cronin fúnra rẹ̀ ti sọ pé ọmọ òun obìnrin ló ní kí òun kọ ìwé nípa ọmọbìnrin kan tó gba ayé là. Bàbá gbọ́ ti ọmọ, ìwé sì jáde. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀.

Torí náà, ẹ̀bẹ̀ mi rèé, ẹ̀yin olùkọ́ wa. Níbẹ̀rẹ̀ táàmù kọ̀ọ̀kan, lórí ìlà àárọ̀, ẹ sọ ibi tí a dé fún àwa SS: iṣẹ́ wo ni kò ní olùkọ́, apá ibo nínú sílábọ́ọ̀sì ni a ò tíì fọwọ́ kàn, irinṣẹ́ wo ló bàjẹ́ ní lábù. A ò ní fi ṣe ẹjọ́. A lè pín orí ìwé láàárín ara wa, a lè bẹ ẹ̀gbọ́n tó wà ní yunifásítì kó wá kọ́ wa ní Sátidé. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ inú gbọ̀ngàn ìdánwò WAEC la ti máa mọ̀, kí la fẹ́ ṣe sí i?

Ẹni tí kò bá gbà pẹ̀lú mi, kó kọ tiẹ̀ wá. Àyè ṣì wà lórí pátákó yìí.