Àpá Tí Fọ́tò Àyà Rí

Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà ni àwọn ènìyàn ti ń wá bi mí léèrè ohun tí dókítà ń wò lára ẹni kí wọ́n tó fún ni ní físà àlọgbé. Bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ràn tèmi gan-an ló fẹ́ ba ọ̀ràn náà jẹ́. Ṣùgbọ́n aṣáájú tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n.

Ní ọdún 2023 ni ìwé dé pé kí ẹ̀gbọ́n mi, tí ń ta aṣọ ní Gbági ní Ìbàdàn, wá sí ilé aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà ní Èkó fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjì. Kí ọjọ́ náà tó pé, wọ́n ní láti kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí. Kì í ṣe dókítà tí ó bá wu ni o; ìwé tí dókítà àdúgbò bá kọ, wọn kò ní wò ó. Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn púpọ̀. Ó ta ọjà rẹ̀ ní ẹ̀dínwó, ó dá kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù padà fún onílé. Ọkọ rẹ̀ náà ti sanwó bàálù.

Nígbà tí ó ku ọ̀la kí a lọ, ó pè mí sí kọ̀rọ̀. “Tíṣà, bí wọ́n bá bi mí nípa ikọ́ ọjọ́sí ńkọ́?”

Ní ọdún 2015 ni ikọ́ ife ṣe é. Oṣù mẹ́fà gbáko ni ó fi lo oògùn ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba, ara rẹ̀ sì dá ṣáká. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ikọ́ ife ti rí láàrin wa. Ẹni tí ó ṣe a máa fi pamọ́ bí ẹni jalè. Èmi tí mo ń bá ọmọ ilé ìwé wí nítorí irọ́, èmi náà ni mo sọ pé, “Àǹtí mi, ẹ sáà ní rárá. Ta ni yóò mọ̀?”

Fọ́tò àyà ló mọ̀. Gbogbo ẹni tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 15 ni wọ́n ń yà á fún. Àwọn ọmọ ọdún 2 sí 14 láti ilẹ̀ tí ikọ́ ife ti wọ́pọ̀ bí tiwa, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń gbà lára wọn. Ikọ́ tí ó ti san a sì máa fi àpá sílẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró, bí egbò ti í fi sílẹ̀ lára awọ. Dókítà wo fọ́tò náà títí, ó tún béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́kún, ó jẹ́wọ́. Dókítà kò bínú. Ó ní ó dára tí ó sọ ọ́ kí òun tó kọ ìwé. Ó wá béèrè káàdì ìtọ́jú ọdún 2015. Níbo la ti fẹ́ rí i? Irọ́ la dì wá láti ilé.

Òwúrọ̀ mẹ́ta léra wọn ni wọ́n fi gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n sì fi ń ṣọ́ ọ bóyá kòkòrò ikọ́ yóò hù níbẹ̀. Ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kọjá, owó bàálù wọmi. Ẹ̀gbọ́n mi kò ní ṣọ́ọ̀bù mọ́, inú yàrá mi ni òun àti àwọn ọmọ ń sùn. N kò lè wo ojú rẹ̀.

Bí ó bá tilẹ̀ sọ òtítọ́ lákọ̀ọ́kọ́, wọn ì bá ṣì gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà. N kò ní tàn yín jẹ. Ṣùgbọ́n à bá ti mú káàdì dání, à bá sì ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yóò pẹ́, kò sí ẹni tí ì bá ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí wọ́n bá tilẹ̀ rí ikọ́ lára rẹ̀, kì í ṣe pé ọ̀nà dí mọ́ ọn títí láé: yóò lo oògùn tán, yóò sì máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Kòkòrò éèdì pàápàá, láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2010 ni wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí í dá ènìyàn padà. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí Ìlú Ọba fún ohun tí ó ju oṣù mẹ́fà lọ, àyẹ̀wò ikọ́ ife ń bẹ fún ẹ̀yin náà.

Ti abẹ́rẹ́ àjẹsára kò nira tó bẹ́ẹ̀. Èéyi, rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀, ipá, mẹ́dọ̀wú àti àwọn mìíràn ni, bí ọjọ́ orí bá ti rí. Abẹ́rẹ́ kòrónà wà nínú rẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n láti ọdún 2025 wọn kò béèrè rẹ̀ mọ́. Káàdì àbúrò ti sọnù, ọkùnrin kan sì ní òun yóò bá wa kọ tuntun bí a bá fún òun lówó. Lọ́tẹ̀ yìí mo gbọ́n, mo ní kò wù wá. Ọmọ náà gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀, ó ké, ó gba bisikí, ó dákẹ́. Kò pọn dandan kí ènìyàn gba gbogbo rẹ̀ tán kí ó tó lọ. Èyí tí ó bá kù, ọ̀hún ni wọn yóò ti parí rẹ̀. Kí aboyún sáà sọ pé òun lóyún, nítorí àwọn abẹ́rẹ́ kan wà tí kò yẹ ẹ́.

Wọn kò rí ohunkóhun nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n fún un ní ọjọ́ mìíràn, wọ́n sì lọ kí ọdún náà tó parí. Káàdì ọdún 2015 náà, ìyá wa ló fà á yọ láti ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ̀, ó ní ẹnì kan kò bi òun. Ó wà nínú àpò ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ tí wọ́n wọ bàálù.