Lẹ́yìn tí Obìnrin Bá Jáde Nílé, Kí Ló Kù?

Àwọn àgbà ní ẹnu dùn ún rò ẹ̀fọ́. Òwe yìí bá àwọn òǹkọ̀wé wí nígbà tí wọ́n bá ń júwe bí obìnrin yóò ṣe gbé ayé tuntun. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Jàpáánù àti ilẹ̀ Ṣáínà.

Ní Jàpáánù, aya rere tí í ṣe ìyá ọlọ́gbọ́n ni àwòkọ́ṣe tí ilé-ẹ̀kọ́ gbé ka iwájú àwọn ọmọbìnrin. Nínú eré Kabuki, tí í ṣe eré ìbílẹ̀ wọn, ọkùnrin ní ń ṣe bí obìnrin láti ọdún 1629 tí ìjọba ti lé obìnrin kúrò níbẹ̀. Nígbà tí ó di 1911, Hiratsuka Raicho àti ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ìwé ìròyìn Seito sílẹ̀, kí obìnrin lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ èrò ọkàn rẹ̀. Ní ọdún náà gan-an, obìnrin kan, Matsui Sumako, ṣe Nora lórí ìtàgé ní Tokyo, nínú eré tí Ibsen, ará ilẹ̀ Norway, kọ ní 1879. Nora rí i pé bí ọmọláńgidi ni ọkọ òun ń ṣe òun. Ó fi ọkọ àti ọmọ sílẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ní 1918, eré yìí jáde ní èdè Ṣáínà, àwọn ọ̀dọ́ sì gba Nora tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá ọdún 1923, Lu Xun, ògbólógbòó òǹkọ̀wé, bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ní Beijing léèrè pé: lẹ́yìn tí Nora jáde, kí ló kù? Ó ní bí kò bá ní owó lọ́wọ́, àfi kí ó bàjẹ́ nígboro tàbí kí ó padà sílé.

Ní 1925, ó fi ìtàn Zijun ṣe àlàyé ọ̀rọ̀ náà. Zijun kọ ẹbí sílẹ̀ nítorí ọkùnrin tí ń wàásù òmìnira fún un. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, oníwàásù yìí kan náà ló sọ fún un pé òun kò fẹ́ràn rẹ̀ mọ́. Zijun padà sílé baba rẹ̀, ibẹ̀ ló kú sí.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rò pé ìyípadà ìjọba nìkan tó. Ní 1942, ní Yan'an, ibùdó àwọn Kọ́múníìsì tí ń kéde pé obìnrin àti ọkùnrin dọ́gba, Ding Ling kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé wọ́n ń fi obìnrin tí kò lọ́kọ ṣe ẹlẹ́yà, wọ́n sì ń pe èyí tí ó lọ́kọ tí ó ń tọ́mọ ní ẹni tí ó ti rẹ̀yìn. Ìbáwí kíkan ni ó fi gbà.

A kò sọ pé kí obìnrin má jáde. Ohun tí à ń sọ ni pé bí kò bá sí iṣẹ́ àti owó lọ́wọ́ rẹ̀, tí ọkùnrin kò sì yí ìwà tirẹ̀ padà, ẹrù tuntun ni a gbé lé e lórí láìsọ ti àtijọ́ kalẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá ń kọ́ni ní irú ìwé wọ̀nyí, ẹ má ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín pé: kí ni yóò jẹ lọ́la? Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe, ṣùgbọ́n ọwọ́ òfìfo kò tún nǹkan ṣe.