Ọ̀dà Àtijọ́ Lára Àga àti Ibùsùn

Bí Iléyá bá ti ń súnmọ́lé, ọ̀pọ̀ nínú wa a máa wo àga àtijọ́ inú pálọ̀, a ó sì wí pé: "Ẹ jẹ́ kí a bó ọ̀dà rẹ̀, kí a tún un kùn." Èyí dára. Igi ìrókò tàbí ọ̀gànwó kì í tètè gbó. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ a mọ ohun tí ó wà nínú ọ̀dà tí a fẹ́ bó?

Òjé ni. Ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀dà àtijọ́. Ní 1978 ni Amẹ́ríkà fi òfin de ọ̀dà olójèé nínú ilé. Ní 2021 ni àjọ NAFDAC tiwa pàṣẹ pé òjé inú ọ̀dà kò gbọdọ̀ ju 90 lọ nínú 1,000,000. Ohunkóhun tí a bá kùn ṣáájú òfin wọ̀nyí, ẹ kà á sí olójèé. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, èyí tí ó bá sì bàjẹ́ kò ní àtúnṣe. Kò dára fún aláboyún pẹ̀lú.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fi iná jó ọ̀dà náà, ẹ má sì fi sáńpépà họ ọ́ ní gbígbẹ. Èéfín àti eruku rẹ̀ ni ewu wà. Aṣọ tí a so mọ́ imú kò lè dá a dúró.

Ìta ni kí ẹ gbé àga lọ. Ẹ tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ lé àwọn ọmọ jìnnà. Ẹ fi omi rin ín, kí ẹ fi sáńpépà dúdú tí kì í bẹ̀rù omi họ ọ́, kí ẹ sì máa tún un rin. Ẹ kó èèpá rẹ̀ ní tútù, ẹ dì í sínú ọ̀rá. Ẹ má ṣe sun ún. Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun, kí ẹ sì fọ aṣọ iṣẹ́ náà lọ́tọ̀.

Sóódà tí a fi ń ṣe ọṣẹ lè bó ọ̀dà, ṣùgbọ́n a máa jó ara, a máa sọ igi di dúdú, a sì máa tú àtè oríkèé àga. Bí ẹ bá ra oògùn tí a fi ń bó ọ̀dà, ẹ má ṣe lò ó nínú yàrá tí a sé.

Ẹ jẹ́ kí igi gbẹ dáadáa kí ẹ tó kùn ún. Àga tí ó ń dán kò tó ọmọ tí ara rẹ̀ le. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.