Ẹ Kú Oríire, Ẹ̀yin Olùṣọ́ Èémí ní Ìlú Bìní

Ẹ kú oríire o! Ẹ kú àṣeyẹ, ẹ kú ọgọ́ta ọdún! Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ fisiotẹ́rápì ní Yunifásítì Benin, ẹ̀yin tí ẹ ń jí ní Ekosodin kí ilẹ̀ tó mọ́, tí ẹ ń sáré wọ ọgbà Ugbowo kí olùkọ́ tó ti ilẹ̀kùn. Àti ẹ̀yin tí ẹ ti parí, tí ẹ ti búra, tí ẹ ti wà ní wọ́ọ̀dù báyìí pẹ̀lú stethoscope lọ́rùn, ẹ̀yin gan-an ni mo gbé ìlù yìí wá bá. Ọdún 1966 ni Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní fisiotẹ́rápì títí dé ojú oyè, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ọdún 2026 ló pé ọgọ́ta ọdún géérégé. Ìbàdàn ló bí àkọ́bí, ṣùgbọ́n gbogbo ẹbí ló ni ayẹyẹ, Bìní ni mo sì fẹ́ jó dé.

Ẹnì kan lè bi mí pé kí ló dé tí mo fi pè wọ́n ní olùṣọ́ èémí. Ṣé kì í ṣe àwọn tó ń ra ẹsẹ̀ fún ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú ni? Àwọn ni. Àwọn náà ló ń tọ́jú ẹ̀yìn tó ń ro ni àti orúnkún àgbà. Ṣùgbọ́n nínú ọdún márùn-ún tí ọmọ fi ń kẹ́kọ̀ọ́ yìí (ó ti di mẹ́fà níbi tí wọ́n ti ń gba oyè dókítà fisiotẹ́rápì), apá kan wà tí ará ilé kì í gbọ́ nípa rẹ̀: ẹ̀kọ́ nípa ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n ń kọ́ bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ṣe ń dí ọ̀nà atẹ́gùn, bí a ṣe ń gbọ́ ọ nínú àyà, àti bí a ṣe ń fi ọwọ́ lásán tú u jáde.

Ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ yìí ti dá dúró fúnra rẹ̀. Dókítà Edwin Levine ló kó àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fún aláìsàn ní ọ́síjìn jọ ní Chicago, wọ́n sì fi ìwé òfin dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní 1947; lónìí, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga lè lọ kọ́ ìtọ́jú èémí nìkan, kó gba oyè rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ọwọ́ púpọ̀ ló pín in. Nọ́ọ̀sì ń ṣọ́ ọ́síjìn, dókítà akunnilóorun ń ṣọ́ ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn mí, oní-fisiotẹ́rápì ló ń ṣí àyà. Nítorí náà, ọmọ tó bá wù láti fi èémí ẹlòmíràn ṣe iṣẹ́ ayé rẹ̀, tí kò sì fẹ́ kúrò nílé, ẹnu ọ̀nà kan tó dára ló wà ní Ugbowo yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan hàn yín, kí ẹ lè mọ ìdí tí inú mi fi dùn tó báyìí.

Ọmọ kan tó jẹ́ SS, tó ní àrùn fọ̀níkú-fọ̀ládìde, wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ara ń ro ó, egungun ìhà ń ta á, kò sì fẹ́ mí dáadáa nítorí pé bó bá mí kanlẹ̀, ìrora á pọ̀ sí i. Ó ń fi èémí kékeré kékeré tọ́ ara rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró tí kò rí atẹ́gùn gbà á bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé, ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ kọjá kò ní rí ọ́síjìn tó, sẹ́ẹ̀lì pupa á tún tẹ̀ sí i, àyà á sì dá wàhálà sílẹ̀. Wàhálà àyà yìí wà lára ohun tó ń pa àwọn ọmọ SS jù. Ìgbà yẹn ni oní-fisiotẹ́rápì dé, ó mú ike kékeré kan dání tí bọ́ọ̀lù mẹ́ta wà nínú rẹ̀, rọ́bà kan sì jáde lára rẹ̀. Ó fi rọ́bà náà sí ọmọ lẹ́nu. Fífẹ́ ni ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ fẹ́ ẹ. "Rárá o, fà á sínú. Rọra, ó ti tó, di í mú." Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ gòkè. Èkejì mì, ó tún jókòó. Wọ́n sinmi, wọ́n tún un ṣe. Nígbà tí èkejì bá gòkè, tó sì dúró sókè, ẹ ó rí ẹ̀rín lójú ọmọ tí kò rẹ́rìn-ín láti àná, ìyá rẹ̀ tó jókòó lórí àga ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì á sì pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni wọ́n ń fà á, ní wákàtí méjì-méjì, níwọ̀n ìgbà tí ọmọ bá ṣì la ojú. Ní 1995, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ SS tí àyà tàbí ẹ̀yìn ń dùn. Nínú ìgbà 19 tí wọ́n gba ọmọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n sì fún un ní irú ike yìí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹ̀dọ̀fóró dá wàhálà sílẹ̀. Nínú ìgbà 19 mìíràn tí wọn ò fún wọn, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni. Ike kékeré, tí kò lo iná mànàmáná, tí kò lo epo! Mo mọ̀ pé Bìní ti ṣe ohun ńlá fún àwọn ọmọ SS: ní 2011, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Benin, UBTH, ló kọ́kọ́ pààrọ̀ mùdùnmúdùn egungun fún ọmọ kan ní Nàìjíríà. Ayé gbọ́, ayé sì yìn wọ́n, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi ń yin bọ́ọ̀lù mẹ́ta náà pẹ̀lú, àti ẹni tó dúró tì í.

Iṣẹ́ ọwọ́ wọn kò mọ síbẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la ikùn rẹ̀ kò fẹ́ wúkọ́, ó ń bẹ̀rù pé ibi tí wọ́n rán á tú; àwọn ni wọ́n ń fún un ní ìrọ̀rí kó gbá a mọ́ ikùn, kó lè wúkọ́ láìbẹ̀rù. Ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kún fún kẹ̀lẹ̀bẹ̀, wọ́n á dá a dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ fi lè ṣàn jáde, wọ́n á ká àtẹ́lẹwọ́ kó, wọ́n á máa lù ú lẹ́yìn ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìyá arúgbó tó ti fi ọdún gbọọrọ fín èéfín igi símú nídìí ààrò, wọ́n á kọ́ ọ kó máa ká ètè jọ bí ẹni ń fẹ́ ògì gbígbóná, kí èémí rọra máa jáde. Wọ́n sì mọ èémí kà! Ìṣẹ́jú kan gbáko ni wọ́n ń ka ti ọmọdé, wọn kì í ka ààbọ̀ kí wọ́n wá sọ ọ́ di méjì. Ọmọ oṣù méjì sí oṣù mọ́kànlá tó bá mí tó ìgbà àádọ́ta ní ìṣẹ́jú kan, tàbí ọmọ ọdún kan sí márùn-ún tó bá mí tó ogójì, wọ́n mọ̀ pé òtútù àyà lè ti wọlé.

Mo tún fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mọ irú ìdílé tí ẹ ti jáde wá. Ní 1952, àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ bo ìlú Copenhagen ní Denmark mọ́lẹ̀. Àwọn aláìsàn kò lè mí mọ́, ẹ̀rọ tí wọ́n ní kò sì tó nǹkan. Dókítà Bjørn Ibsen ní kí wọ́n dá ihò sí ọ̀fun ọmọbìnrin ọmọ ọdún méjìlá kan, kí wọ́n fi rọ́bà bọ̀ ọ́, kí wọ́n sì máa fi ọwọ́ tẹ àpò atẹ́gùn sí i nínú. Ọmọ náà yè. Àmọ́ ta ni yóò máa tẹ àpò tọ̀sán-tòru fún gbogbo àwọn yòókù? Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ké sí. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló pín iṣẹ́ náà ṣe, wọ́n ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn fún oṣù mélòó kan, ọwọ́ lórí àpò, ojú lórí aláìsàn. Ibẹ̀ ni yàrá ìtọ́jú àkànṣe (ICU) òde òní ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé akẹ́kọ̀ọ́ lásán ni yín.

Bìní alára, ìlú tí kì í ṣe nǹkan ní kóńkó ni. Samuel Ogbemudia ni gómìnà ológun níbẹ̀ ní 1970 tí wọ́n dá Yunifásítì Benin sílẹ̀, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí tí owó kò sì pọ̀. UBTH ṣí ilẹ̀kùn ní 12 oṣù Karùn-ún 1973, ọjọ́ kan náà tí gbogbo ayé fi ń bọlá fún àwọn nọ́ọ̀sì, ó sì bá mi lára mu bẹ́ẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó wọ mọ́tò láti Àkúrẹ́, Ọ̀wọ̀ tàbí Òrè lọ kàwé níbẹ̀, ilé ló dé. Ẹ̀yin onílẹ̀, ẹ ṣeun fún wa. Uruẹse o!

Ọlá iṣẹ́ èémí sì ń gòkè ní ilẹ̀ wa. Ní 2023, Ọ̀jọ̀gbọ́n Hippolite Amadi ló gba ẹ̀bùn Sáyẹ́ǹsì Nàìjíríà, nítorí àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tó ṣe láti máa bá ọmọ tuntun mí. Ẹnjinníà ni, ó sì fi hàn pé a lè fi ọpọlọ tiwa ṣe é. Ohun tó kù tí mo ń fẹ́, mo fẹ́ ẹ gan-an, ni pé kí ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì wa ya ìtọ́jú èémí sọ́tọ̀, kó máa fúnni ní oyè rẹ̀. Bìní tó ẹni tó lè ṣe é.

Ẹ̀yin òbí, ẹ kú owó ilé ẹ̀kọ́, ẹ kú àdúrà òru. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kú sùúrù. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ ṣe ọdún kan níbi ìkọ́ṣẹ́, kí wọ́n tètè pè yín, kí ẹ bá ọ̀gá tó mọṣẹ́. Ẹ̀yin àgùnbánirọ̀, ibikíbi tí wọ́n bá gbé yín lọ, ẹ mú ike bọ́ọ̀lù mẹ́ta yẹn dání lọ. Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé girama tí ẹ ń kà á lọ́wọ́, Bayọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì pẹ̀lú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ mú bí ẹ bá ń gba fọ́ọ̀mù JAMB. Àyè wà lójú agbo ijó, ẹ máa bọ̀!