Ẹ Wo Puráímà Kí Ẹ Tó Wo Àwọ̀

Bí ààwẹ̀ Ramadan bá ti wọ ọjọ́ mẹ́wàá ìkẹyìn, òórùn ọ̀dà ló máa ń gba àdúgbò kan. Ọdún ń bọ̀, àlejò ń bọ̀, baálé ilé fẹ́ kí pálọ̀ dán. A kò bá ẹnikẹ́ni jà sí ìyẹn. Ilé tó mọ́ yẹ Mùsùlùmí. Ohun tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí ni ọ̀dà tó ń lọ sábẹ́, èyí tí àwọn akunlé ń pè ní puráímà. Tọkọtaya lè fi odidi ọ̀sẹ̀ kan jiyàn lórí àwọ̀ tí wọn yóò kùn. Bó bá wá kan puráímà, wọn a ní kí akunlé ra èyí tó bá ṣáà ti rí, torí pé ojú àlejò kò ní dé ibẹ̀. Ojú kì í dé ibẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n imú ọmọ ń dé ibẹ̀.

Iṣẹ́ puráímà ni kí ọ̀dà òkè lè di ògiri mú, kí ògiri má fa ọ̀dà mu, kí àbàwọ́n má sì yọ jáde. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀: olómi àti elépo. Omi ni wọ́n fi ń po ti àkọ́kọ́. Tínà ni wọ́n fi ń po èkejì, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń da kẹrosíìnì tàbí bẹntiróòlù sí i kó lè pọ̀. Bí elépo yìí ṣe ń gbẹ lára ògiri, inú afẹ́fẹ́ ni tínà náà ń lọ, àwa la sì ń fà á símú. Ó ń fa orí fífọ́, òòyì àti ojú títa, ó sì lè gbé ikọ́ fée dìde lára ẹni tó ní in.

Ẹni tó bá ní òórùn lásán ni, ẹ rán an létí pé Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní kí ẹni tó bá jẹ aáyù tàbí àlùbọ́sà tútù jìnnà sí mọ́sálásí, nítorí ìnira tí òórùn rẹ̀ ń kó bá àwọn ẹlòmíràn. Oúnjẹ halal nìyẹn o. Kí la wá fẹ́ sọ nípa mọ́sálásí tí wọ́n fi ọ̀dà elépo kùn ní Ọjọ́bọ̀, tí a ó máa forí kanlẹ̀ nínú rẹ̀ ní Jímọ̀? Kí la fẹ́ sọ nípa yàrá tí aláboyún yóò sùn mọ́jú nínú rẹ̀?

Àwọn akunlé yóò sọ fún yín pé elépo ló lágbára jù. Wọn kò purọ́ tán. Irin géètì, irin ojú fèrèsé àti ibi tí àbàwọ́n òjò ti mú sílìn, elépo ṣì ń bá a mu. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ṣeé tú, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e síta kí wọ́n tó kùn ún. Ògiri yàrá ní tirẹ̀, olómi tó o, bí ògiri náà bá ti gbẹ. Pílásítà tuntun nílò nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó tó gba ọ̀dà. Ẹni tó bá kùn ún kó tó pé, ọ̀dà yóò wú, yóò sì bó, olómi ni wọn yóò sì dá lẹ́bi.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ka ara agolo. Ẹ wá “water-based”, ẹ wá “lead-free”, kí ẹ sì wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ síwájú VOC: bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dára tó, 50 giráàmù nínú lítà kan wá sílẹ̀ ni ká máa wá. Ọ̀dà tí kò rùn kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ọ̀dà tí kò léwu, torí lọ́fínńdà ṣeé fi bo òórùn. Ti inú ike tí kò ní orúkọ, tí wọ́n ń pò lẹ́bàá títì, a kò rò pé ó yẹ kó wọ yàrá ọmọ rárá.

Òjé ló jẹ́ kí a tẹnu mọ́ èyí. Amẹ́ríkà ti fòfin de ọ̀dà olójé nínú ilé láti 1978, síbẹ̀ àwọn olùwádìí ti rí òjé púpọ̀ nínú ọ̀dà tí wọ́n ń tà ní Nàìjíríà. WHO ní kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a lè pè ní aláìléwu fún ọmọdé. Ọpọlọ ló ń bà jẹ́, ohun tó bá sì bà jẹ́ níbẹ̀ kì í padà. Ní 2010, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé ni òjé pa ní Zamfara. Iṣẹ́ wúrà ló fa tiwọn, kì í ṣe ọ̀dà, àmọ́ òjé kan náà ni. Nítorí náà, bí ọ̀dà àtijọ́ bá ń bó lára ògiri, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi sáńpépà gbígbẹ ha á, kí wọ́n má sì fi iná sun ún. Kí wọ́n fi omi rin ín kí wọ́n tó ha á, kí wọ́n gbá eruku rẹ̀ pẹ̀lú àkísà tútù, kí àwọn ọmọ má sí nílé lọ́jọ́ náà.

Ọmọṣẹ́ akunlé ńkọ́? IARC, ẹ̀ka WHO tó ń rí sí jẹjẹrẹ, ti ka iṣẹ́ ọ̀dà kíkùn mọ́ àwọn iṣẹ́ tó ń fa jẹjẹrẹ. Ìbòmú aláṣọ kò dá atẹ́gùn tínà dúró. Ọmọ ọlọ́mọ ni, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì wà lọ́rùn ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un: ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀ fún un, ẹ má sì jẹ́ kó jẹun nínú yàrá tó ń kùn.

Ní tiwa, inú oṣù Ṣaabani ló yẹ ká máa kunlé, kì í ṣe nígbà tí ọdún ku ọjọ́ méjì, tí ẹnu gbogbo ará ilé ti gbẹ, tí a sì ti gbọ́dọ̀ sùn nínú yàrá náà lálẹ́. Kí aláboyún àti ọmọ ọwọ́ lọ sùn níbòmíràn títí òórùn yóò fi lọ tán, kí fèrèsé wà ní ṣíṣí tọ̀sán-tòru fún ọjọ́ mélòó kan. Bí owó kò bá tó ra èyí tó dára, ẹ kun yàrá kan, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀ di Iléyá.

Ó ku ti ike ọ̀dà. Òun la fi ń pọn omi àlùwàlá, òun ni wọ́n fi ń wọn gààrí lọ́jà. Èyí tí ọ̀dà elépo tàbí tínà bá ti wà nínú rẹ̀ kò tún yẹ fún omi mímu tàbí ohun jíjẹ mọ́, bó ti wù ká fọ̀ ọ́ tó. Ẹ má da ìyókù inú rẹ̀ sẹ́bàá kànga, kí ẹ sì lu ìdí rẹ̀ kó tó kúrò nílé yín, kí ẹlòmíràn má baà ṣà á lọ pọnmi.