Ìyá Elépo Igbódìgò Lójú Òkun: Ọkọ̀ Fẹ́rẹ̀ẹ́ Fi Í Sílẹ̀ Ní Las Palmas!

Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí ti Igbódìgò wá, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, níbi tí obìnrin kan ti ń ta epo pupa láti nǹkan bí ogójì ọdún. Ìyá Elépo ni gbogbo ọjà ń pè é. Ní oṣù kejì ọdún 2025, ìyá yìí wọ ọkọ̀ òkun aláfẹ́ ní Southampton, ní Ìlú Ọba, ó sì ku díẹ̀ kí ọkọ̀ náà fi í sílẹ̀ ní ilẹ̀ àjèjì.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù ló san owó ọkọ̀. Ìyá fúnra rẹ̀ kó èsúsú, ó fi ṣe físà. Físà méjì ni o! Ti Ìlú Ọba nìkan kò tó, nítorí Madeira tí ọkọ̀ kọ́kọ́ yà sí, ti àwọn Potogí ni, Las Palmas sì jẹ́ ti Sípéènì. Ẹni tó bá mú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà dání gbọ́dọ̀ ní físà Yúróòpù tí wọ́n ń pè ní Schengen, ti Ìlú Ọba tó fẹ́ fi padà wọlé kò sì gbọdọ̀ tíì kú. Kí èèyàn tó wọ ọkọ̀ ni wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyá kan láti Iléṣà tí wọ́n jọ tò sórí ìlà kò ní èkejì. Wọ́n dá òun àti àpótí rẹ̀ padà, owó sì wọgbó.

Kì í ṣe afẹ́ nìkan ló gbé Ìyá Elépo lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Bàbá Káfíńtà, ti gba ojú òkun yẹn kọjá rí. Liverpool ló ti kọ́ṣẹ́, ọkọ̀ Aureol ló sì gbé e padà wálé ní 1971. Àwọn tó dàgbà á rántí ọkọ̀ yẹn: funfun gbòò, ti ilé-iṣẹ́ Elder Dempster. Láti 1951 ló ti ń ná Liverpool sí Èkó, á yà ní Las Palmas, á yà ní Freetown, á fi bí ọjọ́ mẹ́tàlá dé Àpápá. Nígbà tí bàlúù gba èrò lọ́wọ́ rẹ̀ tán, wọ́n dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró ní 1974. Ní Las Palmas, Bọ̀ọ̀dá sọ̀ kalẹ̀, ó ra ọmọlangidi kan tó ń dijú bí wọ́n bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó gbé e wá fún àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún méje. Àbúrò yẹn pọ̀n ọ́n kiri gbogbo Igbódìgò títí apá rẹ̀ fi já. Òun náà ló di Ìyá Elépo lónìí. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ pé òun fẹ́ rí ọjà tí wọ́n ti rà á.

Kí ọkọ̀ tó ṣí, wọ́n kọ́ gbogbo èrò ní ibi tí oníkálukú máa sá sí bí ewu bá dé, àti bí wọ́n ṣe ń wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Àwọn kan ń kùn. Ìyá ò kùn, ó mọ odò. Bàbá rẹ̀ ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé epo lọ sí ọjà Ejìnrìn nígbà kan. Ọmọ rẹ̀ ṣàlàyé fún un pé ní oṣù kìíní ọdún 2012, ọkọ̀ aláfẹ́ kan tó ń jẹ́ Costa Concordia lọ gbá àpáta lẹ́bàá erékùṣù Giglio ní Ítálì, èèyàn 32 sì kú. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà kò tíì gba ẹ̀kọ́ kankan. Láti 2015, òfin ti dé e: kí ọkọ̀ tó kúrò, tàbí bó ṣe ń kúrò gẹ́lẹ́, èrò gbọ́dọ̀ mọ ibi tó máa sá sí.

"Àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ní Igbókọ̀dá ńkọ́?" ni ìyá bi í. "Ta ló ń kọ́ àwọn yẹn?"

Ọmọ rẹ́rìn-ín, kò dáhùn. Ìbéèrè náà kò sì pa èèyàn lẹ́rìn-ín.

Ní ti oúnjẹ, ẹnu ò lè sọ ọ́ tán. Àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́, àti àwọn àkókò mìíràn tí kò lórúkọ, ṣe ni wọ́n ń tẹ́ ẹ bí àtẹ ọjà. Ìyá wá púpurú títí, kò rí i. Gàrí tó dì sísàlẹ̀ báàgì ló gbà á sílẹ̀; inú yàrá ló ti ń rẹ ẹ́ mu, tí ilẹ̀kùn wà ní títì. Owó oúnjẹ ti wà nínú owó ọkọ̀, àmọ́ ti ọtí àti míníráà kò sí níbẹ̀. Káàdì kékeré tí wọ́n fi ń ṣí yàrá ni wọ́n fi ń rà wọ́n. Èèyàn ò ní rí i kí owó kúrò lápò, àfi ọjọ́ ìkẹyìn tí ìwé gbèsè bá wọlé. Àwọn ayàwòrán á ní kí ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin á rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá fẹ́ gba fọ́tò náà, owó ni. Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ta epo láwìn mọ ohun tí àwìn ń dà. Ìyá ká káàdì tirẹ̀ mọ́ inú gèlè.

Lọ́jọ́ kejì, òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ọmọ ń bì, ìyá ń bó atalẹ̀ fún un kó máa jẹ ẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọn ò fi rí ilẹ̀. Ọmọ ò tíì gbádùn dáadáa nígbà tí wọ́n fi dé Las Palmas, ló bá ní kí ìyá máa lọ, kí òun sùn díẹ̀.

Ọkọ̀ náà ní bọ́ọ̀sì tirẹ̀ tó ń kó èrò lọ wo ìlú, owó rẹ̀ wọ́n, àmọ́ ó ní àǹfààní kan. Bí bọ́ọ̀sì yẹn bá pẹ́, ọkọ̀ á dúró dè é. Ẹni tó bá dá lọ, tirẹ̀ ló mọ̀. Ìyá àti obìnrin Gánà kan dá lọ. Wọ́n sọ fún wọn pé aago márùn-ún ni ọkọ̀ máa ṣí, pé kí èrò ti wọlé ní aago mẹ́rin àbọ̀. Aago márùn-ún ni ìyá gbọ́. Ní gáréèjì Òkìtìpupa, bí dírẹ́bà bá pariwo "Òrè, ó kù ẹnì kan!", èèyàn ṣì lè lọ jẹ iyán kó tó padà wá bá a níbẹ̀.

Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì ìlú lọ sí ọjà Vegueta. Ìyá wá ọmọlangidi láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, kò sí. Ó wá rí ìyẹ̀fun kan tí wọ́n ń pè ní gofio, àgbàdo tí wọ́n yan kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Oúnjẹ àwọn ará ibẹ̀ ni láti ayébáyé. Ó tọ́ ọ wò. "Àádùn rèé!" ló pariwo. "Epo ni ò sí níbẹ̀!" Ó ra àpò méjì.

Wọ́n padà sí ẹ̀gbẹ́ èbúté, wọ́n ń rí ọkọ̀ wọn lókèèrè. Ọ̀dọ́kùnrin kan tẹ́ báàgì sílẹ̀ níbẹ̀, ó ń tà á. Ọmọ Gáḿbíà ni, télọ̀ ni nílé rẹ̀. Ó rí gèlè ìyá, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó kí i ní gẹ̀ẹ́sì. Ìyá bi í pé báwo ló ṣe débẹ̀. Ọmọ náà nawọ́ sí òkun.

Ó ní òun ta ẹ̀rọ ìránṣọ òun, òun san owó ọkọ̀ onígi kan. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún nínú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni. Lọ́jọ́ kẹfà omi mímu tán. Àwọn mẹ́ta kú, wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ fún òkun.

"Ṣé ìyá rẹ mọ̀ pé o ń lọ?"

"Ìgbà tí mo dé ni mo pè wọ́n, Màmá."

Ọmọ yìí nìkan kọ́. Ní ọdún 2024 nìkan, àwọn tó fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gúnlẹ̀ sí àwọn erékùṣù Canary lé ní 46,000. Àwọn tí òkun gbé ò sí nínú ìṣirò yẹn.

Obìnrin Gánà ní ó tó kí àwọn máa lọ. Ìyá ní kó máa ṣíwájú. Ìdí rẹ̀ ni pé àbíkẹ́yìn rẹ̀, wẹ́dà ní Òkìtìpupa, ti ń sọ̀rọ̀ ọ̀nà Senegal láti bí ọdún kan, ó sì ti rí ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá ò tíì sọ fún ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó yọ fóònù jáde. Ó bẹ ọmọ Gáḿbíà pé, jọ̀ọ́, bá àbúrò rẹ kan sọ̀rọ̀ síbẹ̀. Ọmọ náà ronú díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Kò tíì sọ ọ́ tán tí fóònù fi dún.

"Màámi! Níbo lẹ wà? Wọ́n ń pe orúkọ yín káàkiri ọkọ̀!"

Káàdì yẹn ló tú u fó: ó dún nígbà tó jáde, kò tíì dún pé ó wọlé. Ìyá ká ìró sókè. Ọmọ Gáḿbíà fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnìkejì rẹ̀, ó gba àpò gofio, ó ń sáré níwájú títí wọ́n fi dé ẹnu ibodè tí òun ò lè kọjá. Aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú ni ìyá fi ẹsẹ̀ kan inú ọkọ̀. Ọkùnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ò bá a jà, aago ọwọ́ rẹ̀ ló kàn fi hàn án. Ká ní ilẹ̀kùn ti tì ni, ìyá fúnra rẹ̀ ni ì bá wá owó bàlúù tó máa gbé e padà.

Nígbà tó dé Igbódìgò, Bàbá Káfíńtà ò jẹ́ kó jókòó kó tó bèèrè.

"Ọmọlangidi dà?"

"Bọ̀ọ̀dá, wọn ò tà á mọ́."

Ó po gofio pọ̀ mọ́ epo, ó fi iyọ̀ sí i, gbogbo ilé jẹ ẹ́. Àbíkẹ́yìn náà wá láti Òkìtìpupa. Ìyá tan ohùn ọmọ Gáḿbíà fún un, kò fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un. Ọmọ náà gbọ́ ọ tán, ó ní kí ó tún un tàn. Lẹ́yìn náà ló bèèrè iye tí ọmọ yẹn ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ìyá ní òun ò bi í.

Títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀rọ wẹ́dà ṣì ń ta iná ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Òkìtìpupa. Ẹni tó fẹ́ rà á ti wá lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní kó ṣì lọ ná.