Ta Ni Kí A Fi Ṣe Obìnrin Ọdún?

Bí ọdún bá ti ń parí lọ, tí ọyẹ́ sì ti ń gbẹ ewé lára igi ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí níhìn-ín, ni àwọn oníwèé-ìròyìn àti onírúurú ẹgbẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn obìnrin tí wọ́n ní ó ta yọ láàárín ọdún, àwọn kan nínú orin, àwọn kan nínú ìjà fún ẹ̀tọ́. Àwọn ọmọ ilé-ìwé wa a sì gé àwòrán wọn lẹ̀ mọ́ ara ògiri. N kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí èyí. Bí a bá perí akọni, ó yẹ kí a fi idà lalẹ̀. Ohun tí mo ń bi ara mi ni pé, òṣùwọ̀n wo ni a fi ń wọ̀n wọ́n?

Bí mo ti rí i, iye àwo orin tí wọ́n tà, aṣọ tí wọ́n wọ̀, àti iye ènìyàn tí ó mọ̀ wọ́n lójú ni. Òṣùwọ̀n ọjà ni èyí. Ní àdúgbò tiwa, òṣùwọ̀n mìíràn ti wà kí ìyẹn tó dé.

Ẹ̀yin àgbà yóò rántí rárà ìyàwó, tí àwọn mìíràn ń pè ní ẹkún ìyàwó. Láàárín àwa ará Ọ̀yọ́, títí dé Òkè-Ògùn yìí, ọmọbìnrin tí ó ń lọ sí ilé ọkọ kò jẹ́ ẹni tí a kàn wọ̀ láṣọ gbé jókòó. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò dìde, tí yóò sun rárà kiri ilé àwọn òbí àti ìbátan rẹ̀, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò máa tẹ̀ lé e. Yóò ki oríkì orílẹ̀ rẹ̀, yóò dúpẹ́ oore, yóò tọrọ àdúrà. Bí ẹ̀dùn ọkàn kan bá sì wà nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ ti gbà á láti sọ ọ́, tí kò sí ẹni tí yóò pè é ní aláìmọ̀wàáhù. Àwọn àgbà obìnrin agbo ilé ni adájọ́. Ohùn dídùn nìkan kò tó wọn. Wọ́n ń fetí sí i bóyá ó mọ ìtàn ilé rẹ̀, bóyá ó mọ oore, bóyá àyà rẹ̀ gbà á láti sọ òótọ́ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Lónìí, ìyàwó a jókòó bí ère, alága ìjókòó a bá a sọ gbogbo rẹ̀, a sì gba owó rẹ̀ lọ.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú àṣà yìí ni pé, ní ilẹ̀ wa, orin obìnrin àti ìjà obìnrin jọ ń gbé inú ilé kan náà ni. Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì, kí ó bá mi dé Abẹ́òkúta. A kò mọ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti sí akọrin. Àwọn amúnisìn ń gba owó orí lọ́wọ́ àwọn obìnrin Ẹ̀gbá lábẹ́ Aláké, Ọba Adémọ́lá Kejì, ọmọbìnrin a sì bẹ̀rẹ̀ sí í san tirẹ̀ kí ọmọkùnrin tó bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí ó ṣe olórí rẹ̀ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, wọ́n rán aṣojú, wọ́n kọ̀ láti san owó náà. Nígbà tí a fi àṣẹ ìwọ́de dù wọ́n, wọ́n ní pikiníìkì ni àwọn ń lọ. Ní ìparí 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lọ kún iwájú ààfin, ọlọ́jà àti aya olùkọ́ papọ̀, wọ́n sì ń fi orin sọ ohun tí a kò gbọ́ nínú ìwé ẹ̀bẹ̀. A dá owó orí obìnrin dúró. Ní oṣù kìíní 1949 Aláké fi ìtẹ́ sílẹ̀, kò sì padà títí di 1950. Wọlé Ṣóyínká, tí ó jẹ́ ọmọdé ní ìlú náà nígbà náà, kọ nípa ìjà yìí nínú Aké, ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1981.

Mo mọ̀ pé àgbà kan lè bínú sí mi níhìn-ín, pé èébú ọba wà nínú orin wọn, ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a ó fi han àwọn ọmọ? N kò fojú di ọba. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa náà ni wọ́n ní ọba kì í mú ọ̀kọrin. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí kò lẹ́nu ní ààfin gbọ́dọ̀ rí ẹnu nínú orin. Ẹ̀bẹ̀ ni àwọn obìnrin wọ̀nyí kọ́kọ́ gbé lọ. Ìgbà tí a kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ni orin dé. Ẹ sì wo ohun tí olórí wọn san lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn: ní oṣù kejì 1977, àwọn ọmọ ogun jù ú láti ojú fèrèsé ní ilé Fẹlá ọmọ rẹ̀ ní Èkó. Ó kú ní oṣù kẹrin 1978, ní ẹni ọdún 77.

Èyí kò ní kí a má kí olóhùn iyọ̀. Ní 1992, Aláàfin Làmídì Adéyẹmí Kẹta fi Sàláwà Àbẹ́ní jẹ Ọbabìnrin Wákà, ó sì tọ́ sí i; láti ìgbà èwe rẹ̀, ní 1976, ni ó ti fi àwo orin dárò Ọ̀gágun Múrítàlá Mùhámmẹ̀d tí wọ́n pa lọ́dún náà. Oyè ohùn ni ìyẹn, ó sì dára kí oyè ohùn wà. Ṣùgbọ́n bí a bá ní a fẹ́ yan ẹni tí àwọn ọmọ wa yóò máa wò kọ́ṣe, kí a béèrè ju ohùn lọ. Ní ìgbà tiwa yìí, mo rí méjèèjì lọ́wọ́ Angélique Kidjo, ọmọ Ouidah ní ilẹ̀ Benin, tí ń fi èdè Fọ̀n àti Yorùbá kọrin. Ó dá àjọ Batonga sílẹ̀ ní 2006 kí àwọn ọmọbìnrin lè rí ẹ̀kọ́ ìwé kọ́. Ní 2016, Amnesty International fi ẹ̀bùn Aṣojú Ẹ̀rí-ọkàn dá a lọ́lá pa pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ mẹ́ta nílẹ̀ Áfíríkà. Ẹ kíyè sí i pé wọn kò ya olórin sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn oníjà.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi fún àwọn olùkọ́ Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ni pé, kí àwọn ọmọ tó gé àwòrán inú ìwé ìròyìn, kí ẹ kọ́kọ́ rán wọn lọ sí agbo ilé. Kí wọ́n bi àwọn ìyá àgbà léèrè ẹni tí rárà yọ̀ mọ́ lẹ́nu jù nígbà èwe wọn, àti ẹni tí ó gba ẹnu sọ nígbà tí a fẹ́ rẹ́ àwọn obìnrin jẹ ní ọjà. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Kí àwọn ìyá náà sì wà lára adájọ́, wọn ìbáà má mọ̀wé. Bí ọdún kan bá dé tí a kò rí ẹni tí ó tó, ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lásán lára ògiri. Àwọn ọmọ yóò béèrè ìdí rẹ̀. Iṣẹ́ yìí kò gba owó púpọ̀. Ìwé àjákọ kan àti ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta méjì tó o.